Bàálù kékeré àti mọ́tò: Èwo ló léwu jù fún arìnrìn-àjò?

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú bá jáde, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn wa, láti Ojúẹlẹ́gbà dé Yábàá, láti Múṣin dé Sùúrùlérè. Bí ẹnì kan bá ti ní ẹ̀rù bàálù ń ba òun, ẹlòmíràn yóò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé: "Bàálù kò léwu tó mọ́tò o. Mélòó ni bàálù ń pa lọ́dún, mélòó sì ni mọ́tò ń pa lójúmọ́?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bàálù ni òótọ́ náà bá wí. Bàálù ńlá tó ń ná ọ̀nà déédéé, tó ní àkókò ìgbéra àti àkókò ìbalẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Bàálù kékeré àdáni, èyí tí olówó fi ń rin ìrìn ara rẹ̀, tàbí èyí tí àwọn ẹbí háyà láti fi lọ síbi ìnáwó, ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn olówó nìkan mọ́. Ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi mọ́tò rìn tẹ́lẹ̀ máa wá bí wọn yóò ṣe gba òkè. Àwọn kan a dá owó jọ, wọn a háyà bàálù kan lọ síbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Àwọn mìíràn ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ epo, tí hẹlikọ́pítà ń gbé lọ gbé bọ̀ lójú òkun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kò wọ bàálù rí pàápàá ń gbé lábẹ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo wa mọ ibi tí ewu wà gan-an.

Bàálù ńlá àti àkọsílẹ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bàálù ńlá. Lọ́dún 2023, gẹ́gẹ́ bí IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ṣe sọ, ìrìnàjò bàálù ńlá tó wáyé káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 37. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ ìjàǹbá kan ṣoṣo ló la ẹ̀mí lọ, ìyẹn èyí tó pa èèyàn 72 ní orílẹ̀-èdè Nepal. Kò sí ohun ìrìnnà mìíràn tó lè fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ hàn.

Nílẹ̀ wa níbí, a ti rí ọjọ́ burúkú. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Bellview gbéra ní Ìkẹjà, ó sì já sí abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ti Sosoliso ṣẹlẹ̀ ní Port Harcourt, níbi tí èèyàn 108 ti bá a lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ iléèwé. Lọ́dún 2006, ti ADC tẹ̀lé e l'Ábújá. Lẹ́yìn náà ni Dana ti ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012 já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgà nílùú Èkó. Èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú pátá, èèyàn 6 tó wà nísàlẹ̀ sì bá a lọ.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà títí di ìparí ọdún 2024, kò sí bàálù ńlá kankan tó ń kó èrò déédéé láti ìlú dé ìlú nílẹ̀ wa tó já, tó sì pa èrò inú rẹ̀. Kì í ṣe oríire lásán ló fà á. Òfin ìrìnnà ojú òfurufú ti ọdún 2006 fún NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà náà, ní òmìnira láti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2010 ni orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sì yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n fi í sí ipò kìíní. Iléeṣẹ́ tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó ń mọ̀ pé wọ́n lè ní kí òun dúró nílẹ̀.

Àwọn tó já láàárín àkókò kan náà

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Láàárín àwọn ọdún tí bàálù ńlá kò pa èrò kankan nílẹ̀ wa yìí, àwọn bàálù háyà, bàálù kékeré àti hẹlikọ́pítà kò sinmi ìjàǹbá.

Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2013, bàálù Embraer tí wọ́n háyà láti gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́, já ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tó gbéra ní Ìkẹjà. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. 16 ló kú. Lóṣù kẹjọ ọdún 2015, hẹlikọ́pítà iléeṣẹ́ Bristow já sínú ọ̀sà ní Òwòròǹṣòkí, èèyàn 6 nínú 12 sì kú. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, hẹlikọ́pítà kékeré kan tó ń ti Port Harcourt bọ̀ já sáàárín ilé ní Òpébì. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Jabiru já sójú títì Ọba Akran n'Íkẹjà lọ́sàn-án gangan, ó sì gbiná. Ọlọ́run ló yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, hẹlikọ́pítà tó ń gbé òṣìṣẹ́ epo lọ já sókun nítòsí Bonny. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yè.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé Danbaba Suntai, gómìnà ìpínlẹ̀ Tàràbà. Fúnra rẹ̀ ló wa bàálù Cessna tó já nítòsí Yólà lóṣù kẹwàá ọdún 2012. Ó yè é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú lọ́dún 2017. Bákan náà ni Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings, iléeṣẹ́ tó ni báńkì Access, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, bá hẹlikọ́pítà háyà lọ ní Kalifọ́níà lóṣù kejì ọdún 2024. Òru ni, ojú ọjọ́ kò sì dára. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Kì í ṣe àìlówó ló pa àwọn wọ̀nyí, kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni bàálù kékeré àdáni pọ̀ sí jù láyé, wọ́n sì ń kọ wákàtí tí wọ́n fi ń fò àti ìjàǹbá wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tí àkọsílẹ̀ wọn fi hàn ni pé, nínú wákàtí 100,000 tí àwọn bàálù kékeré bá fi fò, nǹkan bí ìjàǹbá kan ṣoṣo tó la ẹ̀mí lọ ló máa ń wáyé.

Létí ẹni tí kò bá farabalẹ̀, èyí lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi wé mọ́tò. Lọ́dún 2023, ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé èèyàn kan ló kú nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 127 kìlómítà tí ọkọ̀ rìn. Bí bàálù kékeré bá ń sáré 200 kìlómítà ní wákàtí kan, wákàtí 100,000 jẹ́ mílíọ̀nù 20 kìlómítà. Nítorí náà, bí a bá fi jíjìnnà ọ̀nà wọ̀n ọ́n, ewu bàálù kékeré tó ìlọ́po mẹ́fà ti mọ́tò lọ́dọ̀ wọn. Bí a bá sì fi wákàtí tí èèyàn lò nínú rẹ̀ wọ̀n ọ́n, tí a ní kí mọ́tò máa sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, ewu náà tó ìlọ́po 25. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi ń sọ pé ewu bàálù kékeré sún mọ́ ti alùpùpù ju ti mọ́tò lọ. Ẹni tó bá mọ ohun tí ọ̀kadà ti fojú wa rí nílùú Èkó yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ojú ọ̀nà tiwa ńkọ́?

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀nà Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀nà tiwa, òótọ́ ló sì sọ. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, sọ pé èèyàn 5,081 ló bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ lọ́dún 2023, tó sì jẹ́ 5,421 lọ́dún 2024. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé àwọn tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ní Nàìjíríà lọ́dún 2016 tó 39,802, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 5,053 péré ni ìjọba kọ sílẹ̀. Iye yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wọn ju ìlọ́po 20 tiwa lọ.

Èyí túmọ̀ sí pé àǹfààní tí mọ́tò ní lórí bàálù kékeré lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun dín kù púpọ̀ lójú ọ̀nà tiwa. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára dájọ́. Nínú àwọn tó ń kú lójú pópó wa, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wà níbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ gbá níbi tó ti ń sọdá ní Òṣòdì wà níbẹ̀, àwọn tó wà lórí ọ̀kadà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n há sínú bọ́ọ̀sì tí táyà rẹ̀ ti gbó, tó ń sáré àsápajúdé lóru ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò tó dáa, tó de bẹ́líìtì, tí awakọ̀ rẹ̀ kò mutí, tí kò sáré ju bó ṣe yẹ lọ, tó sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ru gbogbo ewu náà. Púpọ̀ nínú ewu ojú pópó ló wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ń rìn. Lójú òfurufú, ẹni tó ti jókòó sẹ́yìn bàálù kò ní ohun kan tó lè ṣe mọ́. Kó tó wọlé ni agbára rẹ̀ mọ.

Ìdí tí bàálù kékeré fi léwu ju ńlá lọ

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń wà á. Nínú bàálù ńlá, awakọ̀ méjì ló máa ń wà níwájú. Bí ọ̀kan bá ṣàṣìṣe, èkejì yóò rí i. Ìwé àṣẹ tó ga jù, èyí tí ọ̀gá nínú bàálù ńlá gbọ́dọ̀ ní, kì í tẹ èèyàn lọ́wọ́ kó tó fi wákàtí 1,500 fò. Ẹni tó fẹ́ wa bàálù àdáni tirẹ̀ lè gba ìwé àṣẹ lẹ́yìn wákàtí 40 péré. Òun nìkan ni yóò wo ọ̀nà, yóò bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò sì mójú tó ẹ́ńjìnnì.

Ìkejì ni ojú ọjọ́. Bàálù ńlá ní ẹ̀rọ tó ń fi ìjì hàn án láti òkèèrè, ó sì lè fò kọjá lókè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù kékeré kò ga tó bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kò sì gbọdọ̀ fò àfi nígbà tí awakọ̀ bá ń fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀. Bí kùrukùru bá bò ó, tàbí tí ọyẹ́ bá sọ ojú ọ̀run di funfun, ara yóò tan awakọ̀ jẹ. Yóò rò pé bàálù ń lọ lọ́gbọọgba nígbà tó ti ń dojú kọ ilẹ̀. Ohun tó pa John F. Kennedy kékeré, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, nìyẹn lóṣù keje ọdún 1999, nígbà tó wa bàálù ara rẹ̀ lórí òkun lóru pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti arábìnrin ìyàwó rẹ̀.

Ìkẹta ni ẹ́ńjìnnì. Bàálù kékeré púpọ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá kú lórí afárá Third Mainland, inú lè bí wa, a ó pa sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó pe mẹkáníìkì. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lójú òfurufú.

Ìkẹrin ni ìtọ́jú. Gbogbo wa la mọ ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, níbi tí èèyàn ti lè ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù láìbéèrè ibi tó ti wá, tí mọ́tò yóò sì tún máa rìn. Ti bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èlò ara rẹ̀ tó ṣe kókó gbọdọ̀ ní ìwé tó sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é àti wákàtí tó ti lò. Ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré bíi Cessna 172, tó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe jù láyé, ní iye wákàtí, tó sábà máa ń tó 2,000, tí wọ́n yóò fi lò ó kí wọ́n tó tú u palẹ̀ tún un ṣe. Olówó inú rẹ̀ ni èyí. Ẹni tó ra bàálù fún fáàrí, tó wá ń ṣọ́ owó ìtọ́jú rẹ̀ ná, ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́ ni.

Ìkarùn-ún ni ìkánjú. Iléeṣẹ́ ńlá ní òfin tó lè dá bàálù dúró, kí èrò máa bínú nílẹ̀. Awakọ̀ tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo kì í rọrùn fún un láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé a kò ní lọ lónìí. Ìkìlọ̀ tí a kò kọbi ara sí sì burú. Nínú ìjàǹbá ọdún 2013 tó ṣẹlẹ̀ sí bàálù tó gbé òkú Dókítà Agagu, ìwádìí fi hàn pé ohùn ìkìlọ̀ ń dún nínú bàálù náà nígbà tó ń sáré láti gbéra, síbẹ̀ wọn kò dá a dúró.

Kò yẹ kí a di ẹrù kan náà ru gbogbo wọn o. Bàálù àdáni tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, tí awakọ̀ méjì tó gbóná nínú iṣẹ́ náà ń wà, tí iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ sì ń tọ́jú, sún mọ́ bàálù ńlá ju Cessna oníẹ́ńjìnnì kan lọ. Ohun tó ń pa èèyàn kì í ṣe kíkéré bàálù nìkan, bí kò ṣe àwọn ohun márùn-ún wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá pàdé.

Kabúkabú ojú òfurufú

Ará Èkó mọ kabúkabú dáadáa: ọkọ̀ tó gbé nọ́ńbà ọkọ̀ àdáni, àmọ́ tó ń kó èrò gbowó. Irú rẹ̀ wà lójú òfurufú. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ìwé àṣẹ tí NCAA ń fún ẹni tó ní bàálù fún ìlò ara rẹ̀ ni PNCF. Ẹni tó ní in lè gbé ara rẹ̀, ẹbí rẹ̀, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Ẹni tó fẹ́ máa gbowó gbọdọ̀ ní ìwé tí wọ́n ń pè ní AOC, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń fúnni ní ìyẹn sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, NCAA gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ àwọn mẹ́ta tó ń fi PNCF gbowó, ó sì ní kí gbogbo àwọn tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn.

Ìyà rẹ̀ kò mọ sórí ẹni tó ni bàálù. Adójútòfò tó wà fún ìlò ara ẹni kò wà fún èrò tó sanwó. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ jálẹ̀, kí òfò èèyàn àti òfò owó dà lé àwọn ẹbí lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun yóò gbé yín lọ ní ẹ̀dínwó nítorí pé bàálù ọ̀gá òun kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ mọ̀ pé kabúkabú ló ń pè yín sí.

Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀

Bàálù tó ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀ n'Íkẹjà máa ń kọjá lórí Mafolúkù, Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ará Múṣin náà sì ń gbọ́ ariwo wọn. Kò burú bí èèyàn bá ń ronú nípa rẹ̀ lẹ́yìn ti Ìjù-Ìṣàgà, Òpébì àti Ọba Akran. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bàálù ńlá ti Ìjù-Ìṣàgà nìkan ló pa àwọn tó wà nísàlẹ̀. Jabiru tó já sí Ọba Akran kì í wúwo ju 700 kílò lọ, pẹ̀lú epo àti èèyàn inú rẹ̀. Toyota Corolla wúwo jù ú lọ. Fún ẹni tó ń gbé ní Múṣin tàbí Sùúrùlérè, dánfó tí kò ní bíréèkì tó ń bọ̀ láti iwájú léwu gan-an ju bàálù tó ń kọjá lókè lọ.

Ohun tó yẹ ká béèrè

Bí ó bá di dandan kí ẹ háyà bàálù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé AOC iléeṣẹ́ náà, kí ẹ sì bi NCAA bóyá ó ṣì múlẹ̀. Ẹ béèrè iye awakọ̀ tí yóò wà níwájú. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan, ẹ ronú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ béèrè bóyá adójútòfò rẹ̀ bo èrò tó sanwó. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín ti ṣètò pé bí wọ́n bá ní kò ṣeé lọ lónìí, ẹ lè dúró di ọ̀la. Ìnáwó tí kò ṣeé sún síwájú ti pa àwọn tó yẹ kó jẹun níbẹ̀ rí.

Bí ó bá jẹ́ mọ́tò lẹ máa wọ̀, ẹ wo táyà rẹ̀, ẹ de bẹ́líìtì, títí kan àwọn tó jókòó sẹ́yìn, ẹ má rin òru, ẹ sì bá awakọ̀ wí bó bá ń sá eré àsápajúdé. Bí bàálù ńlá bá ń lọ sí ibi tí ẹ ń lọ, tí agbára yín sì ká a, òun ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òkìkí rere ti bàálù ńlá wọ bàálù kékeré tí kò mọ ẹni tó ń wà á. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.